Iyọ̀ Ẹ̀ẹ̀mejì

Ní Kemi, níbi tí yìnyín ti dí òpópónà pa,
Aune àti Veikko jókòó sí sinimá,
ẹ̀wù òtútù Aune wà lórí àga àárín wọn
bí ẹnìkẹta.

Fíìmù àtijọ́ ni, dúdú òun funfun.
Ìyàwó inú rẹ̀ bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ ọkọ,
ó wò ó,
ó tún bù ú.
Ọkọ lá ọbẹ̀ tán, kò wí nǹkan kan.

Aune nìkan ló rẹ́rìn-ín.
Gbogbo ilé sinimá bojú wẹ̀yìn.

Lọ́nà ilé, bàtà ń rún yìnyín wómúwómú.
“Láti ọdún wo?” ni Veikko bi í.
“Láti ọdún wo ni kí ni?”
“Ni ìwọ náà ti ń bu iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”

Aune ò fèsì.
Ó ń fi ìka kàwé ọdún nínú ìbọ̀wọ́:
ìka tán,
ọdún kù.