Lẹ́yìn Tí Mo Pe Iye Náà

"Mílíọ̀nù méje náírà," mo wí,
mo sì pa ẹnu dé bí ìkòkò tí a fi ewé bò.
Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iye,
òun ló máa dín in kù.

Ọmọ ọ̀dọ̀ gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá, ó padà.
Níta, ọkọ̀ símẹ́ǹtì tó ń bọ̀ láti Ọ̀bájànà
ń mi fèrèsé Kàbà títí dé egungun.
Aago ara ògiri fi ìṣẹ́jú márùn-ún yá ju tèmi lọ.
Olóyè Ọbasànmí ń wo bàtà mi,
bàtà tí mo yá lọ́wọ́ àbúrò mi,
torí olówó kì í fún ẹni tí ebi ń pa lówó,
ẹni tó dà bíi pé ó ti yó ni wọ́n ń fún.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi rìn dé àga yìí.
Mo lọ síbi ìsìnkú àna rẹ̀ ní Ìyàrá,
mo kí wọn ní "Ọ̀kún o", mo dúró nínú òjò,
mi ò bèèrè nǹkan kan.
Mo ránṣẹ́ kí i nígbà tí ọmọ rẹ̀ di dókítà.
Mo bá a sọ̀rọ̀ kọfí tí bàbá rẹ̀ gbìn,
tó ti di igbó báyìí, tí ẹyẹ nìkan ń ká.
Wọ́n ní alágbe ni mí. Rárá o.
Alágbe a máa na ọwọ́; èmi, etí ni mo nà.

Nínú ìwé mi, ewé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan:
ohun tó fẹ́, ohun tó ń bà á lẹ́rù,
ẹni tí kò gbọdọ̀ jókòó tì níbi ayẹyẹ.
Ewé Olóyè kún. Àmọ́ ìlà kan wà
tí mi ò kọ, torí ìwé lè bọ́ sọ́nù:

ilé wa lẹ́yìn ọjà, tí òrùlé rẹ̀ ń jò,
bẹ́ẹ̀dì kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
Tinúọlá ló ń sùn níbẹ̀,
opó àbúrò Olóyè.
Ogójì igi kajú ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.
Kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ nígbà tí wọ́n wọn ilẹ̀ náà.
Ta ló di okùn ìwọ̀n mú?
Mo ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn. Mo fi ahọ́n ka eyín ara mi.
Mo rántí Ìyá Jẹ́nẹ́tì, arúgbó Ògìdì tó ń hun aṣọ,
tí í tú ìdí ìró lóṣooṣù,
tí igba náírà mẹ́ta á jáde, tó gbóná bí ara èèyàn.
Á ní, "Kọ ọ́, kí n rí i."
Mo máa ń kọ ọ́. Kò mọ̀wé kà.

Olóyè fọwọ́ kan fìlà.
Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.
Ohùn rẹ̀ jáde bí ohùn ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ lóru:
"Ṣé Tinúọlá ń jẹun?"

Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Lọ́kọ́ja àti Àbújá,
kò sí èyí tó fún mi ní èsì.
Mo ní, "Ó ń jẹun. Kì í sùn."

Ó fa ìwé sọ̀wédowó jáde.
Ó fẹ́ kọ méje, ó dúró, ó kọ mẹ́wàá.
"Má dárúkọ mi o. Pàápàá fún un."
Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́,
torí obìnrin mọ́kàndínlógún ni òjò ń pa nínú ilé,
òjò kò sì béèrè ibi tí páànù ti wá.

Lórí ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ sílé,
mo ṣí ìwé sí ewé rẹ̀.
Mo kọ: Mílíọ̀nù mẹ́wàá, a ti gbà á.
Mo fa ìlà. Lábẹ́ ìlà náà,
pẹ̀lú ọwọ́ tí kòtò ọ̀nà ń gbọ̀n,
mo kọ: Ó ku ogójì igi kajú.