Yìnyín Lọ́wọ́ Inunnguaq

Ooru ló fà mí wọ gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà,
kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.
Oṣù kejì ni, ní Upernavik; oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé,
ó yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó,
ó tún wọ̀.

Àga méjì ti ṣófo ní kíláàsì wa láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù.
A kì í wò wọ́n.
A kì í gbé wọn kúrò.

Wọ́n ní ọdẹ kan ń bọ̀ wá bá àwa èwe sọ̀rọ̀,
ọ̀rọ̀ ìwúrí, Bodil olùkọ́ wa ló sọ bẹ́ẹ̀,
ó sì bẹ̀ wá kí a má sùn.

Ulloriaq wọlé, ó gbé ike kan dání,
ìka mẹ́ta péré ló kù lọ́wọ́ òsì rẹ̀.
Kò sọ bí inú rẹ̀ ti dùn tó láti rí wa.
Ó húkọ́, ó ní:
“Yìnyín já mọ́ mi lẹ́sẹ̀,
ó gbé èmi àti ajá mi lọ sójú òkun.
Òru mẹ́fà.”
Ó dákẹ́. A rò pé ó gbàgbé ìyókù.

“Ẹ má bi mí nípa ìgboyà, mi ò rí i níbẹ̀.
Ẹ̀rù ni mo rí, òun náà kò sùn.
Mo fi ahọ́n ka eyín mi.
Mo bá ìyá mi tó ti kú jiyàn nípa gbèsè kan.
Ní òru kẹrin mo fẹ́ dìde, kí n rìn wọ inú omi lọ
bí ẹni tó fẹ́ lọ ti ilẹ̀kùn.
Ajá mi ti sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Ó wúwo.
Mo ní, ó dáa, kó jí ná.”

Inunnguaq rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.
Ọ̀kan nínú àga méjèèjì,
ti èkejì rẹ̀ ni, tí wọ́n jọ wá sáyé.

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó ṣí ike rẹ̀,
ó mú èérún yìnyín kan, èyí tó já lára òkè yìnyín,
ó fi lé e lọ́wọ́. “Bá mi mú un dání.”
Ó sì ń bá ìtàn lọ: ẹyẹ tó jẹ ní tútù,
ọkọ̀ apẹja tó kọjá tí kò rí i,
òmíràn tó rí ajá kó tó rí òun.
Omi ń kán sílẹ̀. Ọwọ́ Inunnguaq pupa fòò.
Kò jù ú nù.
A kò wo ọdẹ mọ́, ọwọ́ yẹn là ń wò.

Nígbà tó di omi tán ní àtẹ́lẹwọ́,
Ulloriaq ní, “Ó dùn ọ́?”
“Ó dùn mí.”
“Mu ún.”
Inunnguaq mu ún. Ó nu ẹnu.
“Ó dùn,” ó ní, pẹ̀lẹ́,
bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kan náà yí padà mọ́ lẹ́nu.

Bodil pàtẹ́wọ́, òun nìkan.
Ìta ti ṣú. Lẹ́nu ọ̀nà mo rí Inunnguaq,
ó ń bi ọdẹ náà léèrè orúkọ ajá rẹ̀.
Afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí n gbọ́ èsì.
Ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ níbẹ̀.