Ìwé Ta-Lo-Mọ̀

Kí ẹjọ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀ ní Stockholm,
ìwé kan a kọ́kọ́ dé, pelebe, funfun bíi yìnyín:
Ta lo mọ̀ nínú wọn? Níbo lẹ ti pàdé?
Ṣé ẹ ti jọ jẹun rí?
Ingegerd Rosvall a wọ awò ojú,
a máa ka ènìyàn bí ẹni ń ka gbèsè.

Èmi ni akọ̀wé rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá.
Adájọ́ ni, kò dé wíìgì, kò ní ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà.
Àwọn tó ń jà ló fọwọ́ ara wọn yàn án,
wọ́n san owó bàálù rẹ̀, wọ́n san owó kọfí,
kí ó lè sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé, "Ìwọ lo jẹ̀bi."
A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́;
ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò fi ń sá tọ̀ ọ́ wá.

Ó ti gbọ́ ẹjọ́ afárá tó là sí méjì,
ẹjọ́ gáàsì, ẹjọ́ àgbàdo tó hù sínú ọkọ̀ ojú omi.
Ó ti sùn ní òtẹ́ẹ̀lì Singapore títí,
tó fi jẹ́ pé nílé ara rẹ̀, lóru,
ògiri tí kò ní bọ́tìnnì iná ló ń fọwọ́ wá.

Lóṣù Ẹrẹ́nà, ẹjọ́ ẹja ló délẹ̀.
Jógvan Restorff, ará erékùṣù Faroe,
ta ọ̀kẹ́ méjì páálí ẹja dídì fún ilé òtútù kan ní Aveiro.
Ẹ̀rọ kú lójú òkun. Ẹja rà.
Ta ni yóò san owó òórùn?
Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ògbufọ̀ húkọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.
Nígbà tó parí, Jógvan na ọwọ́ kọjá tábìlì,
ọwọ́ tó le bí okùn ìdákọ̀ró:
"Bẹ́ẹ bá tiẹ̀ máa dá mi lẹ́bi, ẹ gbọ́ mi tán."

Ó sì dá a lẹ́bi. Ojú ìwé méjìdínláàádọ́fà.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹja gbígbẹ dé nínú bébà àwọ̀ ilẹ̀.
Ó gbé e símú, ó pẹ́ níbẹ̀.
Ó ní kí n dá a padà.

Ọdún tí ọmọ Torborg ṣègbéyàwó, òdòdó ló fi ránṣẹ́,
kò kọ orúkọ sí i;
ọkọ Torborg ní ẹjọ́ níwájú rẹ̀.
Ọ̀rẹ́ àtikékeré ni wọ́n, wọ́n jọ kọ́ òkun wíwẹ̀ ni.
"Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni," ló wí fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà,
"ẹni tó gbọ́ tọ̀tún tòsì tán ńkọ́,
tí kò rẹ́ni gbọ́ tirẹ̀?"
N kò mọ ohun tí mo lè fi dáhùn. Mo po kọfí.

Lánàá, ìwé Ta-Lo-Mọ̀ mìíràn dé.
Ó kọ ọ́: Torborg Wennerholm. Ọ̀rẹ́.
Ó wò ó. Ó fa igi la "ọ̀rẹ́" kọjá.
Ó kọ: Ojúlùmọ̀, nígbà kan.
Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́.