Ẹ̀yìn Ìwé Èésú

Níwájú ìwé náà, àwọn tó ń dá èésú ni:
Òdúbẹ̀la, ṣílè méjì. Ṣóyẹlé, kò wá.
Ìyàwó Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀, ó ku kọ́bọ̀ mẹ́ta.
Ṣùgbọ́n bí o bá dojú ìwé dé, tí o ṣí i láti ẹ̀yìn,
òpin ayé ni wàá bá níbẹ̀,
ọjọ́ lórí ọjọ́, ọdún lórí ọdún,
pẹ̀lú pẹ́ńsù tí Màmá Efúnbọ̀wálé máa ń lá kó tó kọ̀wé.

Ọkọ rẹ̀ ni katikíìsì wa l'Óde Rẹ́mọ.
Lálẹ́ Ọjọ́rú, a máa ka ìtàn ìjọ fún wa,
èéfín àtùpà á máa kun gíláàsì ní dúdú.
Ó ní àwọn ará Tẹsalóníkà ló kọ́kọ́ ju ọkọ́ sílẹ̀:
Olúwa ń bọ̀ lọ́la, ta là ń kọ ebè fún?
Àpọ́sítélì ránṣẹ́ sí wọn,
ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́, kó má jẹun.
Màmá dáhùn láti ìdí ààrò:
"Ìyẹn ì bá mọ èésú í gbà."

Ó ní àwọn kan wà ní Fíríjíà
tí wọ́n ní Jerúsálẹ́mù tuntun ń sọ̀ bọ̀ sí pápá àwọn.
Pápá ni pápá ṣì ń jẹ́.
Ó ní bíṣọ́ọ̀bù kan, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa,
ní etí òkun lápá àríwá lọ́hùn-ún,
sọ pé ẹgbẹ̀rún ọdún Ìfihàn kì í ṣe èyí tí à ń fi ìka kà,
pé inú rẹ̀ gan-an la wà yìí.
Mo yọjú wo ìta.
Òkùnkùn. Ewúrẹ́ kan. Òórùn gààrí tí wọ́n ń yan.
Inú rẹ̀ náà rèé?

Ó ní àwọn kan pe póòpù ní Aṣòdì-sí-Kristi,
àwọn ti póòpù náà sì nàka padà.
Ó ní àwọn àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà
fi ọ̀dùnkún wọn sílẹ̀ nínú ilẹ̀,
wọ́n wojú ọ̀run títí ilẹ̀ fi mọ́,
wọ́n wá sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tọjà dé.
Baba kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Ẹni tó fẹ́ràn àlejò ló ń tètè tẹ́ ẹní."

Tiwa náà wà níbẹ̀, lójú ewé kẹta:
*Ìbọn Ìmàgbọn. Bàbá mi ní àwọn rò pé òun ni.*
*Ọdún lúkúlúkú. A sin márùn-ún lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe òun.*

Baba ti sùn kí ẹgbẹ̀rún ọdún kejì tó fẹ́ pé.
Gbogbo Òde ń ra àbẹ́là,
ọmọ Ṣóyẹlé kò san owó mọ́.
"Màmá, kí la fẹ́ fowó ṣe lókè?"
Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
"O ti kó tìrẹ níjẹta oṣù Ẹ̀bìbì.
Èèyàn méje ló ti dá tí kò tíì kó.
Jésù ń bọ̀, mo gbà.
Ọjọ́ karùn-ún oṣù ni èésú."

Ó san án. Ó kùn, ó san án.
Lóru àìsùn ọdún náà, Màmá wọ aṣọ funfun,
ó gbé ìwé lé itan, kò sùn, kò tò ó gbé.
Àkùkọ kọ. Ó lá pẹ́ńsù.

Ìgbà tí a sin ín ni mo rí ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí.
Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń wá ọjọ́ ìkẹyìn.
Kò kọ ọjọ́ kankan mọ́.
Iwájú ló padà sí,
lábẹ́ orúkọ gbogbo àwọn tó ti kú lára ẹgbẹ́,
lábẹ́ orúkọ Baba,
lọ́wọ́ gbígbọ̀n:
*Efúnbọ̀wálé. Ó ti dá. Kò tíì kó.*