Àgò o, Yàrá Ìgbẹ̀bí

Bí ilé bá jìnnà, à ń fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀;
bó bá sún mọ́ wa, a ó na ọrùn, a ó pariwo.
Èmi ò rìn. N ò pariwo.
Mo jókòó sí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì
nílé ìwòsàn wa ní Ìsarà Rẹ́mọ,
òjò ń lu páànù bí ìgbà tí wọ́n ń da àgbàdo sílẹ̀,
ìkọ́kọrẹ́ tí ìyàwó mi dì fún mi
ti dì sínú kúlà.

Wáyà kan ṣoṣo ló so èmi àti yàrá ìgbẹ̀bí pọ̀.
Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fà á lọ́dún tó kọjá:
ó gba orí àjà, ó gba ẹ̀yìn ilé oògùn,
ó kọjá níbi tí àwọn alángbá ń yé sí,
ó yọ lábẹ́ tábìlì Nọ́ọ̀sì Ọ̀nàfùwà.
Ibi tí ọkùnrin kì í ṣèèṣì yà sí lóru,
ibẹ̀ ni wáyà mi ń sùn.

Ètò àtijọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà wọn ò gbọ́ èdè wa.
Fún un ní ọ, á lóun ò rí i rí.
Ó ti sọ Ọ̀ṣínọ́wọ̀ di àmì ìbéèrè márùn-ún,
n àti w nìkan ló ṣẹ́ kù, bí eyín arúgbó.
Ìyá kan mú káàdì ọmọ rẹ̀ wá bá mi,
ó ní, “Ọ̀gá, ta ni wọ́n ń bi léèrè níbí?”
N ò rí èsì fún un.

Ètò tuntun wà lọ́wọ́ mi báyìí.
Láago mọ́kànlá mo tì í sínú wáyà.
Ilé oògùn gbà á, ibi ìsanwó gbà á láìwúkọ́.
Ó ku tiwọn.
Mo tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu,
àfi bí ẹ̀rọ ṣe bi mí pé:
“Ẹnìkan ń lo kọ̀ǹpútà yìí. Ṣé kí n pa á, kí n tún un tàn?”
Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́.
Bọ́tìnnì méjì, wọn ò ju èékánná lọ.

Ẹ gbọ́, àṣẹ tí wọ́n fún mi pọ̀ ju ọgbọ́n mi lọ.
Mo lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí n ò rí,
kò sì ní mọ ẹni tó ṣe é.
Ṣùgbọ́n káfíńtà ni bàbá mi, ní Òdè Rẹ́mọ.
Ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún oníbàárà,
bó bá padà débẹ̀, á dúró níta, á kàgò.
Mo bi í léèrè rí.
Ó ní, “Ilẹ̀kùn ni mo kàn. Èmi kọ́ ni mo nilé.”

Mo kọ ọ̀rọ̀ kékeré ránṣẹ́ sójú ẹ̀rọ rẹ̀:
“Àgò o, Nọ́ọ̀sì.”

Kò sí èsì.
Mo lè yọjú wo ohun tó ń kọ. N ò wò ó.
Ogún ìṣẹ́jú. Ogójì. Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́,
mo ń ṣírò díísù lórí ìka.
Mo wá gbọ́ igbe kan, tínínrín, láàrin òjò.
Kò gba inú wáyà wá o,
ojú fèrèsé ló gbà.

Ó ku díẹ̀ kí aago kan lù, èsì dé:
“Dúró.”
Lẹ́yìn náà: “Obìnrin ni. Kílò mẹ́ta. Ìyá ń mu tíì.”
Lẹ́yìn náà:
“Àgò yà.”

Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ ni.
Ìlà aláwọ̀ ewé ń wọ́ lọ bí ìgbín,
ó dúró lórí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún,
gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ní sùúrù.
Mo ní in.

Ọmọ náà ò tíì ní orúkọ, ó di ọjọ́ kẹjọ.
Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ tẹ̀.
Ó pè mí lórí fóònù, ó ń kà á sí mi létí,
Ọ̀ṣífẹ́sọ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tòun tàmì abẹ́ rẹ̀,
ó rọra ń kà á
bí akápò ṣe ń ka owó ẹgbẹ́.

Mo ṣí kúlà.