Àtẹ̀gùn Baba Tàmálè

Káàdì ìpè náà le bí èèpo igi,
wọ́n fi àwọ̀ wúrà tẹ orúkọ mi sí i:
Ọ̀gbẹ́ni Atanda, ọ̀gá ilé-ìwé tẹ́lẹ̀ rí.
Wọ́n ṣa gbogbo àmì orí orúkọ mi dànù
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Moróunfólú ló fi ránṣẹ́, ọmọ ọmọ Baba Tàmálè,
tó fi ọdún mọ́kànlá gbé Ítálì,
tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tòun ti epo ólífì nínú ìgò,
tó ní ilé bàbá ńlá òun kò ní di ilé àdán.

Mo dán bàtà tí mo fi fẹ̀yìn tì,
mo dán an títí mo fi rí irùngbọ̀n mi nínú rẹ̀.

Ẹ mọ ilé náà, n'Ísàlẹ̀ Àfọ̀n,
pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olójú fèrèsé mẹ́rìnlélógún,
tí páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí ẹyìn.
Owó aṣọ àti abẹ́rẹ́ láti Gánà ni wọ́n fi kọ́ ọ;
bàbá mi, bíríkìlà, ló po sìmẹ́ńtì rẹ̀.
Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ló fi yangàn dọjọ́ ikú.
Bí mo bá kùnà ìṣirò, a ní,
"Àtẹ̀gùn Baba Tàmálè, mélòó ni?"
Méjìlélógún, sà.

Mo gùn ún lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mò ń kà á lábẹ́ ahọ́n.
Ogún. Mọ́kànlélógún.
Ẹsẹ̀ mi kan òkè.
Ó ku ẹyọ kan.
Bàbá mi lè purọ́ ọjọ́ orí,
kì í purọ́ iye búlọ́ọ̀kù.

A jókòó sí tábìlì tó gùn bí ọ̀nà Ìlọrin,
aṣọ funfun lórí rẹ̀, aṣọ funfun lórí itan wa,
fọ́ọ̀kì mẹ́ta fún ẹnu kan,
ife tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti lékeléke.
Wọ́n gbé àwo dé, ó fẹ̀ bí akẹtẹ̀ àgbẹ̀;
tòmátò mẹ́ta ń wo ara wọn láàárín rẹ̀.
Wọ́n kó o lọ. Makaróní dé, ìwọ̀nba ọmọ ìkókó.
Lọ́yà Akíntáyọ̀ sọ̀rọ̀ sí mi létí:
"Ọ̀gá, ṣé títọ́wò ni, àbí jíjẹ?"
Mo rẹ́rìn-ín sínú aṣọ itan.
Ẹran awó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, máńgòrò,
máńgòrò wa níhìn-ín, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi yìnyín bò,
bí ọmọ àdúgbò tó ti òkè òkun dé,
mi ò tètè dá a mọ̀.
Ó dùn o. Mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn.

Moróunfólú dìde, ife lọ́wọ́:
"Bàbá ńlá mi ló kọ́ ilé yìí."
A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa á.
Lẹ́nu gbogbo wa, ẹni tó sanwó ló kọ́lé;
ẹni tó po sìmẹ́ńtì, iṣẹ́ ló ṣe.

Lẹ́ẹ̀kan péré ni bàbá mi sọ ọ́ fún mi:
ọjọ́ tí wọ́n ṣílé, àwọn àlejò jẹun lókè,
àwọn bíríkìlà jẹun nísàlẹ̀, lórí ìdúró,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, abọ́ lọ́wọ́ òsì.
Ó ní ẹran wà nínú ọbẹ̀ o, ẹran pọ̀.
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Agogo mẹ́rin lu. Moróunfólú fẹ́ dì mí lọ́wọ́ mú,
mo ní kó jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ fúnra mi.
Ọ̀kan, èjì, mo ń lọ,
mọ́kànlélógún,
ẹsẹ̀ mi wá balẹ̀, mo dúró gbagidi
lórí sìmẹ́ńtì tí òun náà rẹ́.

"Méjìlélógún," ni mo wí.

"Ẹ gbàgbé nǹkan ni, sà?"

Rárá. Mo fi ọ̀pá mi kan ilẹ̀ náà,
mo ní, "Ibí ni bàbá mi ti jẹun."

Ó wo ilẹ̀. Ó wo òkè. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Kí lorúkọ wọn?"

Mo pè é fún un: Àtàndá,
díẹ̀díẹ̀, tàmì-tàmì.