Ọgọ́rin Péré

Páálí ìndómì la gé sí wẹ́wẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
mo fi máákà kọ nọ́ńbà sí i lára
láti orí ení títí dé ọgọ́rin.
Dókítà Tahav ní ọgọ́rin péré,
oògùn tó wà nílẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, Mpape kò tíì lajú,
ọyẹ́ ń gbé eruku òkúta fífọ́ kiri,
ọlọ́dẹ kan ti dúró sẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́.
Maitama ló sùn mọ́jú.
Rárá o, Maitama ló ti ṣọ́ àwọn tó sùn.
Ó gba nọ́ńbà kìíní,
ó jókòó sórí àga ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Kí n tó bi í pé kí ló ń ṣe é, ó ti ń hanrun.
Mo ní ẹ fi í sílẹ̀,
bóyá oorun yìí gan-an ni oògùn.

"Níbo ló ń dùn ọ́?" Mo lè bi wọ́n ní Hausa;
èsì wọn ló máa ń ju etí mi lọ.
Mo ń wo ọwọ́ wọn, ibi tí ọwọ́ bá lọ ni mo ń kọ.

Saratu gbé igi ìdáná dé, èjìká ló fi gbé e,
torí àwọn ìyá Gbàgyí kì í fi orí rẹrù.
Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ níwájú tábìlì mi, ó na apá.
Mo di ọ̀já ẹ̀rọ náà mọ́ ọn, mo fún un, mo fún un.
Ọgọ́sàn-án lórí àádọ́fà.
Mo tún un wọ̀n. Kò yẹ̀.
Ó bojú wo ojú mi: "Ṣé ó dára?
Nọ́ńbà ńlá mà ni."
Òótọ́ ni, ní ọjà, nọ́ńbà ńlá ni èrè.

Òkúta ni Gambo ń fọ́ lórí òkè lọ́hùn-ún.
Òkúta náà ń di ilé alájà mẹ́rin ní ìsàlẹ̀,
ikọ́ rẹ̀ ni kò di nǹkan kan.
Ó gba oògùn tán, kò lọ,
ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun dá wọn sí méjì,
kí ìyàwó òun nílé lo ìdajì.
Ochanya bú u bí ẹni ń bú àbúrò,
ó yíjú sí ògiri díẹ̀,
ó sì ka ti ìyàwó mọ́ ọn.

Ẹ má pè wọ́n ní aláìríṣẹ́.
Ẹni tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọ̀gá ní mínísírì wà níbẹ̀,
ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì, ẹni tó ń gbọ́mọ fún ìyàwó ọlọ́lá.
Wọ́n ń jí ṣáájú àkùkọ.
Káàdì ìlera ni wọn ò ní.
Èmi náà ò ní. Ọdún kẹfà rèé tí mò ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì,
gbólóhùn kan ni mò ń gbọ́: ó ń bọ̀, ó ń bọ̀.

Aago méjì, ọgọ́rin pé.
Obìnrin kan yọ, ó pọn ọmọ,
ibà ń jó lára ọmọ náà bí ààrò.
Mo wá àjákù páálí nílẹ̀,
mo kọ mọ́kànlélọ́gọ́rin sórí àwòrán ẹyin sísè.
Dókítà wo páálí, ó wò mí,
ó nu gíláàsì rẹ̀, ó ní kó wọlé.
Bí ó ṣe di méjì nìyẹn. Bí ó ṣe di mẹ́fà.

Nígbà tí a ń kó àga jọ,
Ochanya fa apá mi, ó di ọ̀já mọ́ ọn,
kò gba ẹ̀bẹ̀.
Ó dákẹ́ jù. Ó wá pe nọ́ńbà náà fún mi.
Mo ní, "Ṣé ó dára?"
Kò rẹ́rìn-ín.

Ní igun kíláàsì, ọlọ́dẹ jí gìrì,
aago mẹ́fà ti fẹ́ lù, iṣẹ́ tún ń pè é ní Maitama.
Ó na ọwọ́, páálí kìíní ti rọ̀ fún òógùn:
"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti kàn mí?"

Dókítà ti fa síìpù àpò rẹ̀ dé ìdajì.
Ó fà á padà.